Ìbora tungsten carbide mi ní ihò

Akẹ́kọ̀ọ́ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo gé irin tí wọ́n fi plasma (gáàsì tó gbóná gan-an) fọ́n ìbora tungsten carbide (hóró líle) àti kóbáltì 12% (irin tó so àwọn hóró náà pọ̀) sí lára. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, ihò pọ̀, etí àwọn hóró carbide sì ti di róbótó. Kí ló fà á?

Ọ̀gá Wẹ́dà: Iná ló pọ̀jù, àbúrò. Carbide ti yọ́ wọnú kóbáltì, kábọ́ọ̀nù ti jó lọ, ó ti di W₂C (carbide tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ dín kù) tó máa ń tètè sán. HVOF (fífi iná epo àti ọ́síjìn tó ń sáré gan-an fọ́n ọn) ni kó o lò. Iná rẹ̀ rọlẹ̀ sí ti plasma, eré rẹ̀ ló pọ̀; ihò rẹ̀ kì í sábà ju 1% lọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dúró ná! Ihò tó ní igun, hóró ló já níbẹ̀ nígbà dídán. Da resin (oje tó máa ń le) sí i nínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, kó lè di àwọn hóró mú, kó o tún un dán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ògbómọ̀ṣọ́: Àwọn onígun ló pọ̀ jù, mà. Mo máa tún un dán lọ́la.