Wọ́n ní ìtàn mi ń da orí àwọn rú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ mi. Inú ń bí mi. Ìtàn àròsọ kan ni mò ń kọ lórí àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta, Àdùkẹ́, Bánkọ́lé àti Tinúkẹ́. Bàbá wọn kú, wọn ò rí owó tó fi pamọ́. Mo fẹ́ ká mọ inú olúkúlùkù wọn, torí ẹnì kan ṣoṣo kì í mọ ọ̀rọ̀ ẹbí tán. Mo fún àwọn ọ̀rẹ́ kà. Ọ̀kan ní ó rẹ òun. Èkejì ní òun ò mọ inú ẹni tí òun wà. Ẹ̀kẹta ní mo tan òun jẹ! Ẹni tí mo fi òru bá ka iṣẹ́ tirẹ̀, tí n ò ráhùn. Ṣé èèwọ̀ ni kéèyàn kúrò nínú ẹ̀dá ìtàn kan bọ́ sínú òmíràn ni? Ṣé kí n pa àwọn méjì yòókù lẹ́nu mọ́, kó ku Àdùkẹ́ nìkan?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ibo lẹ ti ń yí? Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ orí ni àbí àárín rẹ̀? Ṣé “mo” lẹ fi ń sọ ọ́ àbí “ó”?

Akéwì Òru: Kọ orúkọ ẹni tó kàn sókè orí kọ̀ọ̀kan. Ó parí.

Àgbà Òǹkọ̀wé: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ fẹ́ràn wàhálà. Arínúróde ni kí ẹ lò. Asọ̀tàn mọ inú gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tó máa béèrè ibi tó gbà wọlé. Ilé ìtẹ̀wé kan dá ìwé mi padà nígbà kan pé ẹ̀dá ìtàn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. N ò yọ ẹnì kankan, ìwé náà sì jáde níbòmíràn.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ má bínú, n ò gbà. Asọ̀tàn arínúróde ní ohùn tirẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ láti ojú-ìwé àkọ́kọ́. Béèyàn bá jókòó sínú Àdùkẹ́ títí, tó wá fò sínú Bánkọ́lé fún gbólóhùn kan péré, arínúróde kọ́ nìyẹn. Ẹ̀dá ìtàn tó pọ̀ kọ́ ni ìṣòro. As I Lay Dying, ìwé ìtàn àròsọ tí William Faulkner, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1930, ẹni 15 ló ń sọ ọ́, orúkọ ẹni tó ń sọ sì wà lókè orí kọ̀ọ̀kan.

Akéwì Òru: Ohun tí mo sọ náà nìyẹn.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: “Ó” ni mo fi kọ ọ́. N ò fẹ́ orúkọ lókè orí, òǹkàwé tó bá fara balẹ̀ á mọ̀. Bí wọ́n bá ń jà, mo máa ń yí láàárín ìpínrọ̀, torí ìjà kì í dúró de ẹnì kan.

Olùkọ́ Èdè: Ibi tó ti ń dà wọ́n lórí rú gan-an nìyẹn. Ẹ wo èyí: “Bánkọ́lé wo Àdùkẹ́. Ó mọ̀ pé ó ń purọ́.” Ta ló mọ̀? Ta ló ń purọ́? “Ó” tiwa ò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin, nítorí náà yíyí láàárín ìpínrọ̀ ṣòro fún wa ju fún ẹni tó ń fi èdè bíi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé. Ṣùgbọ́n a ní “òun”. “Ó mọ̀ pé òun ń purọ́”: ẹni tó mọ̀ náà ló ń purọ́, inú rẹ̀ la sì wà. Ẹ fi orúkọ bẹ̀rẹ̀, kí “òun” tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sì wà nínú Bánkọ́lé, ẹ má sọ pé ojú rẹ̀ pọ́n, kò rí ojú ara rẹ̀. Ẹ sọ pé ó mọ̀ ọ́n lára bí ojú òun ṣe ń gbóná. Kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pe òkú náà pẹ̀lú: bí ẹnì kan bá ń rò ó ní “Bàbá mi”, tí èkejì ń rò ó ní “bàbá yẹn”, a ti mọ inú ẹni tí a wà kí ẹ tó dárúkọ.

Òǹkàwé Gidi: Ẹni tó ní ẹ tan òun jẹ, kí ló sọ gan-an? Ẹ ò tíì sọ ọ́.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ó ní òun ti wà nínú Àdùkẹ́ láti orí kìíní, àfi ìgbà tí òun ka orí kẹfà tí òun rí i pé Àdùkẹ́ ló kó owó náà. Àṣírí ìtàn sì nìyẹn! Bó bá ro owó náà lójú òǹkàwé, ìtàn ti tán. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ẹ ò ṣe tètè sọ? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ gbogbo ohun tó ń dun obìnrin náà, ẹ wá fi ohun kan ṣoṣo tí kò lè kúrò lọ́kàn rẹ̀ pamọ́ fún wa. Kó ku Àdùkẹ́ nìkan nínú ìtàn ò lè tún èyí ṣe, ńṣe ló máa burú sí i. Ẹ má wọ inú rẹ̀ rárá, kí àwọn àbúrò máa wò ó láti ìta. Tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ ká mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ló kó o, kí àyà wa máa já bí àwọn yẹn ṣe ń súnmọ́ ọn.

Àgbà Òǹkọ̀wé: Mo fara mọ́ ọ níbí, ọmọ mi. Ọ̀nà kẹta ṣì wà: ojú-mi-ló-ṣe. Kí Àdùkẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó ń ròyìn fún ẹlòmíì lè fi nǹkan pamọ́, kódà ó lè parọ́, torí ó ní ẹni tó ń parọ́ fún.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: N ò lè jáde nínú Àdùkẹ́. Ibi tó ti ń ká aṣọ bàbá rẹ̀ ní orí kejì ló dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bó bá ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ta ló ń sọ ọ́ fún?

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó ń fura sí i ni. Èwo ni nínú àwọn méjèèjì? Ẹ fi orí kejì yẹn ránṣẹ́ ká jọ kà á.