Ọmọ kíláàsì mi kan ń sọ ọ̀rọ̀ tó ń bà mí lẹ́rù: ṣé kí n lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Tíṣà_Ọ̀sán:
Ẹ kú ilé o. Ilé ẹ̀kọ́ èdè kan ní gúúsù England ni mo ti ń kọ́ àwọn àlejò ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọmọkùnrin ọdún 17 kan ti lo oṣù méjì. Nígbà tó dé, ẹ̀rín ni ṣáá, kódà tí kò bá gbọ́ ohun tí mo sọ. Ní báyìí, ẹ̀yìn ló ń jókòó, fóònù ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní òun ò ní bá ọmọbìnrin kan ṣiṣẹ́ pọ̀ nítorí ìlú tí ọmọ náà ti wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kí wọ́n fi "must" kọ gbólóhùn márùn-ún. Èyí tó fi parí tirẹ̀ ni "We must clean Europe." Mo bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní inú fídíò lòun ti rí i.

Mo ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Prevent o, ètò ìjọba tó wà kí wọ́n má bàa fa èèyàn sínú ìpániláyà. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ṣe é, mò ń mu tíì lọ́wọ́. Kò sọ ohun tí èèyàn ń ṣe fún ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò tíì tó sọ inú ara rẹ̀. Ṣé àṣìlò ọ̀rọ̀ ni, àbí ẹnì kan ti ń yí i lórí? Àlejò lèmi náà níbí, mo mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n máa fojú ọ̀daràn wo èèyàn.

Akọ́ni_Gírámà:
Ẹ ṣọ́ra o. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọ Ṣáínà kan fi 88 parí ọ̀rọ̀ tó kọ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́yìn Hitler a máa fi nọ́ńbà yẹn kí ara wọn, torí H ni lẹ́tà kẹjọ, HH sì dúró fún "Heil Hitler". Wọ́n ti kọ ẹ̀sùn ojú ìwé mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó bi ọmọ náà. Ní èdè tirẹ̀, "bā" ni ẹ̀jọ. "Bā bā", báí-báì! Ẹkún ló sun délé.

Màmá_Ààbò:
Àbúrò mi, ìwọ kọ́ lo máa dá ẹjọ́ náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe DSL, ẹni tí ààbò akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2015 ni òfin ti gbé iṣẹ́ Prevent yìí lé àwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn, ohun tí wọ́n sì ń kọ́ wa ni pé kí o kíyè sí i, kí o yẹ̀ ẹ́ wò, kí o tó sọ ọ́ síta. Àwọn tó fẹ̀sùn kan ọmọ tó kọ 88 yẹn fo ti àárín ni.

Kọ ohun tó sọ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Má kọ ìtumọ̀ tìrẹ. Gbé e fún DSL yín lónìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí ọmọ yín lè ti wọ bàálù lọ nígbà yẹn. Kí wọ́n pe ìdílé tó gbà á sílé: ṣé ó ń bá wọn jẹun? Kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Channel, ẹ̀ka Prevent tó ń dúró ti àwọn tí wọ́n lè yí lórí, ìrànlọ́wọ́ ni. Wọn kì í fipá mú èèyàn gbà á, kò sì sọ ọ́ di ọ̀daràn.

Tíṣà_Ọ̀sán:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo gbé e fún DSL wa lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìyá tó gbà á sílé ní kò sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun alẹ́ mọ́. Akọ̀wé kan tó gbọ́ èdè rẹ̀ wá jókòó tì í, ni ọmọ tí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin bá sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ti ní níbí, gbogbo wọn ti padà sílé. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó pàdé níbi géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bá a sọ̀rọ̀ lálaalẹ́, òun ló ń fi fídíò ránṣẹ́, ó sì ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ti kúrò lọ́wọ́ mi, DSL ti gbé e lọ síbi tó yẹ. Èyí tó kù sí mi lọ́wọ́ ni kíláàsì. Ní Ọjọ́ Ajé, èèyàn mọ́kànlá tuntun ń bọ̀, mo sì ti ní kí wọ́n fi í sáàárín àwọn tó máa lò ju oṣù kan lọ.