Lórí “òjìji”, “ìmọ́lẹ̀” àti “àtúnṣe mọ́nítọ̀”: ìdí tí mi ò fi fọwọ́ sí i

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlànà mọ́nítọ̀ fún àwọn tó ń ṣe ẹ́díìtì fídíò gbé síwájú wa. Wọ́n ní ká pe apá tó dúdú nínú àwòrán ní “òjìji”, ká pe ibi tí wọ́n kọ Brightness sí ní “ìmọ́lẹ̀”, ká sì pe gbogbo iṣẹ́ náà, ìyẹn ṣíṣètò mọ́nítọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ lè péye (calibration), ní “àtúnṣe mọ́nítọ̀”. Àwọn kan ti ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ò rò pé ó dáa. Mọ́nítọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ àwòrán, ohun tí ẹni tó bá ka ìwé náà máa lọ fi ọwọ́ ṣe ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká mú òjìji. Òjìji máa ń ní ohun tó ni ín: òjìji èèyàn, òjìji igi, òjìji ilé. Ẹnì kan mú Sáàmù 23 wá, ó ní “àfonífojì òjìji ikú” fi hàn pé òjìji lè dúró fún òkùnkùn lásán. Mo gbọ́, àmọ́ níbẹ̀ náà, ikú ló ni òjìji ọ̀hún. Apá tó dúdú nínú àwòrán kì í sábà jẹ́ òjìji ohunkóhun. Irun orí lè wà níbẹ̀, igun yàrá lè wà níbẹ̀, aṣọ etù lè wà níbẹ̀, láìsí ohun tó ṣíji bo ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó yẹ òjìji wò, ilẹ̀ tí ẹni inú àwòrán dúró lé ni yóò kọjú sí.

Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni ibi ṣíṣú. Ilẹ̀ kì í ṣú lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí òkùnkùn á fi di biribiri, ojú ṣì ń rí nǹkan, díẹ̀díẹ̀ ló ń pàdánù rẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí nílò gan-an nìyẹn. Àwòrán 8-bit, irú tó wọ́pọ̀ jù, ń ka àwọ̀ kọ̀ọ̀kan láti 0, tó jẹ́ dúdú pátápátá, dé 255, tó mọ́lẹ̀ jù. Nínú sRGB, ìlànà àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ àwòrán orí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, tó jáde ní 1999, nọ́ńbà 128 tó jọ pé ó wà láàárín gbùngbùn kì í mú ju ìdá kan nínú márùn-ún ìmọ́lẹ̀ funfun àti díẹ̀ lé jáde. Nọ́ńbà 10 ò ju nǹkan bíi mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Nísàlẹ̀ yẹn, láti 0 sí nǹkan bí 30, ni iṣẹ́ ti le jù. Tí mọ́nítọ̀ bá da 0 títí dé 12 pọ̀ mọ́ dúdú kan ṣoṣo, ohun tó wà níbẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì, àmọ́ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ò ní rí i, yóò sì máa ṣe ìpinnu lórí ohun tí kò rí.

Ohun tó ń sọnù yẹn, kúlẹ̀kúlẹ̀ ibi ṣíṣú ni mo pè é. A ti ní kúlẹ̀kúlẹ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, kò sídìí láti wá òmíràn.

Ẹnì kan bèèrè pé ṣé èdè tó ń pe aró, dúdú àti búlúù kíkan ní “dúdú” lè gbé irú ìyàtọ̀ wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè gbé e. Èdè yìí kan náà ló sọ èèyàn ní Adúmáadán, ẹni tó dú tó tún ń dán. Dídán yẹn ni kúlẹ̀kúlẹ̀ ibi ṣíṣú. Lórí mọ́nítọ̀ tí kò bá òṣùwọ̀n mu, dídú á kù, dídán á lọ: ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrùn àti irun á di ọ̀kan. Bákan náà ni etù, tó jẹ́ búlúù tó ti ṣú gan-an pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, á di aṣọ dúdú kan lásán. Àwọn tó ń ya àwòrán ìgbéyàwó wa mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó kan “ìmọ́lẹ̀”. Níbí, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ da nǹkan rú, mi ò sì fẹ́ ká jogún ìdàrúdàpọ̀ náà. Lórí tẹlifíṣọ̀n onígò àtijọ́, ibi tí wọ́n kọ Brightness sí ló ń gbé dúdú sókè tàbí sísàlẹ̀, Contrast ló ń ṣètò funfun. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ LCD, irú pẹlẹbẹ tòde òní, Brightness ti di agbára iná tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Orúkọ kan, iṣẹ́ méjì tí kò jọra. Tí a bá kọ “ìmọ́lẹ̀” sí méjèèjì, a ti dá wàhálà náà sílẹ̀ lákọ̀tun nínú Yorùbá.

Ẹ jẹ́ ká pe èyí tó ń mú gbogbo ojú mọ́nítọ̀ tàn ní iná ẹ̀yìn. Èyí tó ń sọ ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀, ká pè é ní ìpìlẹ̀ dúdú. Mo yan ìpìlẹ̀ torí pé kì í ṣe òfo. Mọ́nítọ̀ IPS (irú LCD kan) tó ní ìyàtọ̀ 1000:1, ìyẹn ni pé funfun rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju dúdú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, tí funfun rẹ̀ wà ní 120 cd/m² (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀), dúdú rẹ̀ ò lè rẹlẹ̀ ju 0.12 lọ, orí èyí ni gbogbo ìyókù dúró lé. (Mọ́nítọ̀ OLED ò ní iná ẹ̀yìn, ojúàmì (pixel) kọ̀ọ̀kan ló ń tan ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ dúdú ṣì wúlò fún un.)

Ẹ wo bó ṣe máa rọrùn láti ṣàlàyé PLUGE, àwòrán ìdánwò tí BBC ṣe. Ọ̀pá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan wà nísàlẹ̀ ìpìlẹ̀ dúdú, ọ̀kan bá a dọ́gba, ọ̀kan ga jù ú lọ díẹ̀. Nínú fídíò tí dúdú rẹ̀ jẹ́ 16 dípò 0, bíi ti tẹlifíṣọ̀n, wọn a jẹ́ 12, 16 àti 20. Ẹ máa rẹ ìpìlẹ̀ dúdú sílẹ̀ títí ọ̀pá ìsàlẹ̀ á fi pòórá sínú ìkejì rẹ̀, kí tòkè ṣì hàn fírífírí. Ẹ gbìyànjú láti fi “ìmọ́lẹ̀” kọ ìlànà kan náà, ẹ ó rí i pé iná ẹ̀yìn ni òǹkàwé máa lọ yí.

“Àtúnṣe” ló kù. Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Mọ́nítọ̀ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí, tí kò ní àléébù kankan, nílò iṣẹ́ yìí. Bí kóńgò ọjà ni: kò ní láti fọ́ kó tó di pé kò dọ́gba pẹ̀lú tàwọn yòókù. Yorùbá ti ní “ó bá òṣùwọ̀n mu”. Nítorí náà, mímú mọ́nítọ̀ bá òṣùwọ̀n mu. Ó gùn, mo mọ̀, àmọ́ ó ń fipá mú èèyàn láti bèèrè pé, òṣùwọ̀n èwo? Ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì, sRGB ni. Fídíò tẹlifíṣọ̀n, ìlànà BT.1886 ti ọdún 2011 ni, tí gámà rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gòkè láti dúdú dé funfun) jẹ́ 2.4, ibi ṣíṣú sì máa ń ṣú ju ti sRGB lọ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé ojú mọ́nítọ̀ láti wọn àwọ̀ ò lè mọ èyí tí ẹ fẹ́ àyàfi tí ẹ bá sọ fún un. “Àtúnṣe” ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí bèèrè.

Ọ̀kan wà tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún. Kọ̀ǹpútà lè máa fi 0 sí 255 ránṣẹ́ nígbà tí mọ́nítọ̀ ń retí 16 sí 235, bíi ti fídíò tẹlifíṣọ̀n tó fi 16 ṣe dúdú, tó fi 235 ṣe funfun. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 16 á di dúdú pátápátá. Tó bá jẹ́ òdì kejì, dúdú á di àwọ̀ eérú. Mo ní “ìwọ̀nba” lọ́kàn fún 16 sí 235, ṣùgbọ́n mi ò ní èyí tó bá a mu fún 0 sí 255: “odidi” àbí “kíkún”? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ìwé wà lọ́wọ́ yín, èwo ló máa dún dáadáa létí àwọn tí ẹ ń túmọ̀ fún?