Ṣé kò-mẹsẹ̀-ó-yọ ni playoffs NBA lóòótọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ẹnìkan nínú wa dá a lábàá pé ká máa pe playoffs bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NBA ti Amẹ́ríkà ní "ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ", bí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò ṣe ń wí nígbà tí Ife Àgbáyé bá le. Ẹlòmíì ní "àṣekágbá" ti tó. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ìkankan.

Ẹ wo bí eré náà ṣe rí. Ẹgbẹ́ 30 ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan a gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 82. Lẹ́yìn ìyẹn, 16 ló ń ṣẹ́kù: mẹ́jọ láti ìlà oòrùn, mẹ́jọ láti ìwọ̀ oòrùn. Ẹgbẹ́ méjì á dojú kọ ara wọn, wọn ò sì ní fi ara wọn sílẹ̀ títí ọ̀kan fi máa borí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹni tí wọ́n nà lónìí ń bọ̀ wá bá wọn lọ́tùúnla. Níbo ni "ó yọ" wà níbẹ̀?

Ọdún 1995 ni ẹ̀rí mi. Ipò kẹfà ní ìwọ̀ oòrùn ni Houston Rockets wà, ẹgbẹ́ Hakeem Olajuwon tí wọ́n bí l'Ékòó. Utah fi 2–1 ṣíwájú wọn, nígbà tó jẹ́ pé ìborí mẹ́ta péré ni wọ́n ń wá ní ìpele àkọ́kọ́ láyé ìgbà yẹn. Houston mú méjì tó kù. Phoenix tún fi 3–1 ṣíwájú wọn. Houston mú mẹ́ta léraléra, ó sì parí èyí tó kẹ́yìn ní 115–114! Wọ́n na San Antonio 4–2, wọ́n na Orlando 4–0, wọ́n gba ife lẹ́ẹ̀kejì tẹ̀léra. Ká ní kò-mẹsẹ̀-ó-yọ ni, Utah ì bá ti lé wọn wálé.

(Ẹni tó ń bi wá pé kí ni "ẹsẹ̀" inú "ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀" ń wá nínú eré ọwọ́, kó wo Olajuwon dáadáa. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ (handball) ló kọ́kọ́ ń gbá l'Ékòó, ẹsẹ̀ sì ni gbogbo idán rẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ dúró bó ṣe wà.)

Ti àṣekágbá kò gùn. Ẹgbẹ́ méjì tó gbẹ̀yìn ló ń ṣe é. Bí a bá fún gbogbo ẹgbẹ́ 16 ní orúkọ yẹn, kí la ó wá pe ti àwọn méjì tó ń du ife ní oṣù kẹfà?

Èmi kọ́kọ́ ronú "àmúmẹ́rin", ó dùn létí mi. Utah yẹn náà ló mú mi jáwọ́, torí ìpele àkọ́kọ́ kò di ti ìborí mẹ́rin títí di 2003, orúkọ kò sì gbọdọ̀ yí padà nítorí òfin. Ohun tí mo fẹ́ ni "ìdíje àṣẹ́kù" fún gbogbo rẹ̀, àti "àtúnpàdé" fún èyí tí ẹgbẹ́ méjì ń bá ara wọn fà. Houston àti Phoenix ṣe àtúnpàdé, ó di ìgbà keje kó tó parí. Ẹ rántí ìdí ayò: ẹni tó pa ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì di ọ̀ta. Ẹlòmíì lè ní àṣẹ́kù ń rán òun létí oúnjẹ àná. Ṣùgbọ́n "ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó ṣẹ́kù" kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni.

Kò-mẹsẹ̀-ó-yọ kò ṣòfò o. Nínú Play-In, níbi tí àwọn tó wà ní ipò keje sí ìkẹwàá ti ń wá ààyè tó kù, ipò kẹsàn-án àti ìkẹwàá a kojú ara wọn: ẹni tó bá fìdí rẹmi, ilé yá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni kí á lò ó.

Ó ku 4–0, tí wọ́n ń pè ní sweep. "Àgbámọ́" ni mo ń lò, torí gbá ti bọ́ọ̀lù àti gbá ti ilẹ̀ pàdé nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.