Aago ọwọ́ oníye díẹ̀: ìdùnnú rẹ̀ àti wàhálà rẹ̀

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ gbọ́ ìrírí ẹni tó bá ní aago ọwọ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kéde pé iye kan pàtó ni àwọn yóò ṣe, tí wọ́n sì fín nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ǹjẹ́ ìdùnnú rẹ̀ tó wàhálà rẹ̀?

Àkànní: Ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

Àjàní: Àkànní, tìrẹ kò tí ì bà jẹ́ ni. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kun ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá lára tèmi. Nígbà tí ọ̀dà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, mo fi aago náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n sì fèsì pé èyí tí àwọn fi pamọ́ fún àtúnṣe ti tán, pé àwọn lè fi funfun lásán rọ́pò rẹ̀. Mo kọ̀. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò ní ìṣòro, nítorí pé irú èyí tó wà nínú aago wọn tó wọ́pọ̀ náà ni. Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n gan-an, ìyẹn ojú aago, àwọn ọwọ́ rẹ̀ àti òrùka tó yí gíláàsì rẹ̀ ká, ni kò ṣeé rí rà.

Àṣàbí: Tèmi burú ju ìyẹn lọ. Mo gbé e fún ẹnì kan tó ń tún aago ṣe pé kó fọ ẹ̀rọ rẹ̀, kó sì fi òróró tuntun sí i, òun bá fi ẹ̀rọ dán gbogbo ara rẹ̀ láìbi mí. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ rà á dé, ó fi awò sójú, ó fi èékánná tọ etí irin tó di okùn mú, ó rí i pé igun rẹ̀ tó mú ti di roboto, ó rọra gbé e lé tábìlì, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá.

Àkànní: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló burú nínú kí aago máa dán?

Àṣàbí: Irin tí wọ́n bá ti fá dànù kì í hù padà, àbúrò mi.

Ìṣọ̀lá: Mo wà lẹ́yìn Àṣàbí. Àpá tí aago gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín sàn ju kí wọ́n dán an títí tí yóò fi tín-ín-rín.

Àlàbá: Èmi kò fẹ́ bí àwọn òǹtajà ṣe ń pe gbogbo nǹkan ní ọ̀wọ́n. Ní 2019, nígbà tí ilé-iṣẹ́ aago Omega ń ṣe ìrántí 50 ọdún tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sí òṣùpá, aago wọn Speedmaster oníwúrà 1,014 ni wọ́n ṣe, iye kan náà pẹ̀lú ti oníwúrà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n 6,969 ni ti onírin. Ṣé díẹ̀ nìyẹn?

Fọláṣadé: Ẹ wo aago Nautilus ti ilé-iṣẹ́ Patek Philippe, tí wọ́n kọ orúkọ Tiffany, ilé ìtajà ohun ọ̀ṣọ́, sójú rẹ̀ ní 2021. 170 péré ni, wọ́n sì ta ọ̀kan ní gbàǹjo ní owó tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 6.5 dọ́là. Ta ló ní kò lérè?

Àlàbá: Iṣẹ́ àánú ni wọ́n fi owó yẹn ṣe, Fọláṣadé. Kì í ṣe òun ni kí ẹni tó fẹ́ ta tirẹ̀ máa retí.

Fọláṣadé: Ẹni tó san án kò kúkú ya wèrè.

Ìṣọ̀lá: Ní 2022, ọ̀pọ̀ ènìyàn tò sí ẹnu ọ̀nà nítorí MoonSwatch, aago tí Swatch àti Omega jọ gbé jáde, bí ẹni pé yóò tán lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ Swatch fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò fi iye kankan dè é.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin tí ẹ ní i, ṣé ẹ ń wọ̀ ọ́?

Àdùkẹ́: Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ̀ ọ́. Páálí àti ìwé rẹ̀ wà níbòmíràn, kí olè tó bá gbé e má baà rí i tà bí ojúlówó. Ìṣòro tèmi ni pé ọmọ méjì ni mo bí, mi ò sì lè rí ìkejì rẹ̀ rà.

Àjàní: Àgbà ló ni ín.

Àdùkẹ́: Àbúrò ló mọyì aago, ẹ̀gbọ́n.