Èsì: Ẹ má jẹ́ kí á kọ "ọ̀dọ́ aláìsàn" sára ìwé yẹn

Ẹ̀yin ará, òkun o. Mo kí yín láti Kàbà.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìsánlú ní kí á bá àwọn wá orúkọ fún ètò tí àwọn ọ̀dọ́ tó ní àìsàn tó le yóò fi kọ́ṣẹ́, tí wọn yóò sì ríṣẹ́ ṣe. Àbá tiwọn ni "Ìrànlọ́wọ́ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Aláìsàn". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Aláìsàn là ń bẹ̀ wò, a kì í gbà á síṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lè rán aṣọ fún oṣù mélòó kan kí kíráísìsì, ìrora líle tí àìsàn náà máa ń mú wá, tó gbé e dé ọsibítù. Ẹni tó ní warápá, bó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, warápá lè má gbé e fún ìgbà pípẹ́. Kìkì pé a ò ní ní kó gun àkàbà tàbí kó dúró ti ẹ̀rọ ìlagi.

Ẹnì kan dábàá "àkàndá". Àǹfààní wà níbẹ̀ o: òfin àwọn àkàndá tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2019 fẹ́ kí iléeṣẹ́ ìjọba fi ó kéré tán 5% iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n kígbe àkàndá lọ́jà Kàbà, afọ́jú, adití àti arọ ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa lọ bá. Ọmọ tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. "Ọ̀dọ́ tó ń gbé pẹ̀lú àìsàn" ńkọ́? Àìsàn kì í ṣe ayálégbé.

"Ọ̀dọ́ tí àìlera ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra" ni tèmi. Ó gùn, àmọ́ kò dá ẹnikẹ́ni dùbúlẹ̀.

"Ìrànlọ́wọ́" gan-an ló ń dùn mí jù. Ó dà bíi sàráà. Ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ni kí wọ́n bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn ṣáájú, kí ọjọ́ tó bá lò ní ọsibítù má di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, kí ọ̀gá má sì tìtorí rẹ̀ sún fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ síwájú láìnídìí. Kí wọ́n jẹ́ kó jókòó ṣiṣẹ́, kó rí omi mu, kó má dúró sínú òjò. Ìyẹn ni mo fi yan "ìgbárùkùtì". "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́" tí wọ́n tún kọ, ibi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì nìyẹn (ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n). "Ẹ̀kọ́ṣẹ́" ni kí ẹ kọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to orúkọ àìsàn kọ̀ọ̀kan sára fọ́ọ̀mù kí ọmọ máa fàmì sí i. Òfin Nàìjíríà ti 2014 tó ń dáàbò bo àwọn tó ní HIV kò gbà kí agbanisíṣẹ́ fi àyẹ̀wò HIV ṣe dandan kó tó gbani, ọ̀gá aránṣọ kò sì ní láti mọ̀ ju ohun tó máa jẹ́ kó tọ́jú ọmọ níbi iṣẹ́ lọ.