Irú ìtàn wo ló yẹ kí n sọ fún àwọn ọmọdé nípa ẹ̀bùn Kérésìmesì?

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, mo kí yín o. Ọ̀mù-Àrán ni mo ń gbé, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ìjọ wa. Mo ń kọ ìtàn kan fún wọn nípa bí fífúnni lẹ́bùn ní Kérésìmesì ṣe bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti mọ ti àwọn amòye inú Mátíù orí 2, tó mú wúrà, tùràrí àti òjíá wá. Ìtàn àtẹnudẹ́nu nípa Nicholas, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Myra ní ilẹ̀ tó di Tọ́kì lónìí, ló wù mí jù: wọ́n ní ó ju owó wúrà gba ojú fèrèsé wọ ilé aláìní kan lóru, kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta lè rí ohun tí wọn yóò mú lọ sílé ọkọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ìdílé ọkọ ló ń san owó orí, àwọn ọmọ yóò sì bi mí pé kí ló dé tí baba ìyàwó fi ń wá owó.

Nítorí náà ni mo ṣe fi ìyá àgbà kan ní abúlé Ìgbómìnà rọ́pò Nicholas, tó ń gbé àkàrà gbígbóná tí ó fi ewé pọ́n sí ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò kí ilẹ̀ tó mọ́, ti Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì.

Ṣé bí mo bá kọ́kọ́ pa á ní “Àlọ́ o!”, ìyẹn yóò tó kí wọ́n má baà kà á mọ́ ọ̀rọ̀ Bíbélì? Tàbí kí n ṣì lo ìtàn Nicholas, kí n sì ṣàlàyé àṣà ìgbéyàwó ilẹ̀ rẹ̀ fún wọn?